Ta Ló Hun Ẹran Ara?

Nígbà tí Xavier Bichat, oníṣègùn ará Faransé, gbé ìwé rẹ̀ lórí ara ènìyàn jáde ní 1801, oríṣìí ohun 21 ló kà pé wọ́n para pọ̀ di ara, ó sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní "tissu", ìyẹn ohun tí a hun. Kò gbẹ́kẹ̀ lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó se ẹran ara, ó sá a gbẹ, ó da ásíìdì sí i, ó sì ń wo bó ṣe ń tú. Orúkọ aláṣọ yìí lè mú kí ẹlẹ́sìn sọ pé aṣọ kì í ṣàdédé wà, ahunṣọ gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ̀rí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ tí a fún nǹkan máa ń sọ nípa ojú tó wò ó ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ. Àwa Yorùbá, bí a ti mọ òfì tó, amọ̀ la fi sọ́wọ́ Ọbàtálá, a ò fún un ní òwú. Ẹnìkan lè ní àfiwé Bichat bá òótọ́ mu, nítorí fọ́nrán kọ́lájìn abẹ́ awọ lọ́ mọ́ra bí òwú. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe fọ́nrán yẹn, inú aṣọ náà gan-an ló ń gbé. Bí ọ̀bẹ bá géni, sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣí lọ síbẹ̀, yóò máa hun títí àpá yóò fi bo ojú ọgbẹ́. Kò sí òfì kan ní Ìsẹ́yìn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹlẹ́sìn bá tún ní Ẹlẹ́dàá ló kọ́ sẹ́ẹ̀lì níṣẹ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò bá a jà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bichat.