Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Àwọn Tí Kò Borí?

 
Bíbélì kíkà: Hébérù 11:32-40.

Yunifásítì kan wà ní Texas, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Prairie View A&M. Torí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1876. Wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá o, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n á máa fara kọlu ara wọn ni. Nígbà kan rí, ọ̀gá ni wọ́n nídìí ẹ̀. Àmọ́ láti 1989 títí di 1998, ìgbà 80 ni wọ́n jáde tẹ̀ léra, ìgbà 80 náà ni wọ́n nà wọ́n.

Ohun tó fà á kò farasin. Wàhálà owó mú kí ilé ìwé dá bọ́ọ̀lù náà dúró ní 1990. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà ní 1991, kò sí sikọláṣíìpù fún agbábọ́ọ̀lù kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń bá gbá ń fi sikọláṣíìpù kó àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1998, wọ́n borí Langston ti Oklahoma, 14 sí 12. Ayọ̀ ṣubú layọ̀! Irú ẹ̀rí tí à ń fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹni tó rí vísà gbà, ẹni tó bímọ lẹ́yìn ọdún 12, àwọn là ń gbé máìkì fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọdún mẹ́rin lòfin fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gbá a. Ó gbá a ní 1991, ó gbá a ní 1992, ní 1993, ní 1994. Kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí inú gbogbo ayé wá ń dùn, ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ṣé iṣẹ́ ọmọ yẹn já sásán ni?

Àwọn kan á sọ pé sùúrù rẹ̀ ló bí ayọ̀ 1998. Ó dáa, tí gbogbo wọn bá ti kọ̀ láti jáde, ẹgbẹ́ ò ní sí mọ́. Ṣùgbọ́n àkàbà lásán la sọ ọ́ dà yẹn, tí ẹlòmíì gùn débi ayọ̀. Àwọn mìíràn á ní ìyà ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bóyá. Èmi ò fẹ́ràn ká máa yára dúpẹ́ lórí ìyà tó jẹ ọmọ ọlọ́mọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé àwọn àgbà ni kò pèsè ohun tó yẹ kí wọ́n pèsè.

Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ kan wà tó máa ń pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Nínú bọ́ọ̀lù yẹn, iṣẹ́ àwọn kan ni kí wọ́n fi ara wọn dí ọ̀nà, kí wọ́n má baà dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wó. Tí ọmọ yẹn bá dúró gbọn-in níwájú ẹnìkejì ẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan ní 1992, ó ti dáàbò bò ó. Wọ́n lè nà wọ́n ní àlùbolẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò ní kó jẹ́ pé kò dáàbò bò ó.

Ẹ wo ibi tí a kà. Àwọn tó pa ẹnu kìnnìún dé ló ṣáájú. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: ó kan àwọn tí wọ́n lù, àwọn tí wọ́n fi ayùn rẹ́ sí méjì, àwọn tí ìlérí ò tẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ewé kan náà ni wọ́n kọ gbogbo wọn sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n á tún béèrè pé ta ló ní ẹ̀rí. Màmá tó ti ń tọ́jú ọkọ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́fà á wà lórí ìjókòó rẹ̀. Kò ní dìde. Tí ìsìn bá parí, ẹ yà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́."