Ojú Èwe àti Ojú Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwo Sinimá Tí A Fẹ́ràn ní Kékeré

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Òun náà ni pé: bí àgbàlagbà bá padà sí ohun tí ó fún un ní ayọ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì rí i pé ohun náà kò rí bí òun ti mọ̀ ọ́n mọ́, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó yí padà? Ẹ̀kọ́ wo ni ó sì wà nínú ìyípadà náà fún ẹni tí orí rẹ̀ ti ń hu ewú? Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni sinimá tí ń jẹ́ The Lion King, èyí tí ilé iṣẹ́ Walt Disney ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Kì í ṣe ènìyàn ni a ń rí nínú rẹ̀. Àwòrán yíyà ni, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kàtúùnù, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 88 lọ. Ní ọdún 1995 ni a ṣe é sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, láti ìgbà náà ni ó sì ti wọ inú ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkó àti Ìbàdàn títí dé àwọn ìlú wa ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, bí Ẹdúnàbọ̀n àti Ìpetumodù. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ti di bàbá àti ìyá lónìí, àwọn ọmọ tiwọn ni ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un fi sí i.

Fún àǹfààní àwọn tí kò wò ó rí, ìtàn náà kò gùn. Kìnnìún kan wà tí ń jẹ́ Mufasa, òun ni ọba gbogbo ẹranko. Sarabi ni aya rẹ̀, Simba sì ni ọmọ wọn. Mufasa ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Scar, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára oyè. Scar tan ọmọ náà lọ sínú àfonífojì kan, ó sì mú kí àwọn ìkookò lé agbo ẹran oníwo kọlù ú níbẹ̀. Bàbá sáré wá, ó gba ọmọ rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà ń rá gun àpáta, tí ó ké sí àbúrò rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ẹni náà jù ú sísàlẹ̀, ó sì kú. Simba sá lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó dàgbà níbẹ̀, ó sì padà wá gba ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà jẹ́wọ́ pé ìtàn Hamlet tí Shakespeare kọ wà lára ohun tí ó tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n sì mú àwọn orúkọ kan láti inú èdè Swahili, nítorí Simba ni kìnnìún, Rafiki sì ni ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ará ilẹ̀ wa tí ó bá wò ó kò nílò Shakespeare kí ó tó mọ ìtàn náà; ó ti mọ̀ ọ́n ní agbo ilé.

Nígbà tí ọmọdé bá ń wò ó, ipò kan ṣoṣo ni ó mọ̀ láti dúró sí, èyíinì ni ipò Simba. Simba ni a bí sí ààfin, òun ni a lé, òun ni ó padà, òun ni ó ṣẹ́gun. Gbogbo àwọn yòókù dà bí igi etí ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá. Ọmọ náà a sunkún nígbà tí bàbá bá kú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí orin àti àwàdà fi ń nu omijé rẹ̀ nù. Èyí kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni a dá ọmọdé. Àwọn àgbà wa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Iwájú ni Simba ń lọ, iwájú ni ọmọdé sì ń wò pẹ̀lú rẹ̀. Àgbà tí ó bá tún un wò ni yóò wo ẹ̀yìn, tí yóò sì rí àwọn tí ó dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu kàn wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹni èkínní ni bàbá. Simba ṣe àìgbọràn, ó lọ sí ibi tí a kà léèwọ̀ fún un, díẹ̀ ni ó kù kí àwọn ìkookò pa á jẹ. Mufasa gbà á sílẹ̀, ó sì pè é sí kọ̀rọ̀. Ọmọdé ń retí ìbáwí níbẹ̀. Àgbà gbọ́ ohun mìíràn: bàbá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun ní ọjọ́ náà, nítorí òun rò pé òun yóò pàdánù rẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná rí ní òru, tí ó ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kí òun lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. James Earl Jones, ẹni tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹnu Mufasa ní 1994, tí a sì tún gbọ́ nígbà tí a tún sinimá náà ṣe ní 2019, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ẹni ọdún 93. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fojú kàn án rí ni ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, nítorí ohùn bàbá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ẹni èkejì ni Scar. Ní èwe, a rò pé pípa tí ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó burú jù lọ nínú ìwà rẹ̀. Wò ó dáadáa, ìwọ olùkàwé. Lẹ́yìn ikú náà, ọmọ dúró ti òkú bàbá rẹ̀, kò sì sí àgbà kan níbẹ̀ àfi àbúrò bàbá. Scar bi í pé kí ni ó ṣe yìí. Ó ní bí kì í bá ṣe nítorí rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ì bá wà láàyè. Ó bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ yóò rò. Ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó sá lọ, kí ó má ṣe padà mọ́. Ìṣubú láti orí àpáta pa Mufasa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa Simba lójoojúmọ́ títí ó fi di géńdé. Kò ní ọgbẹ́ lára, síbẹ̀ kò lè padà sílé, nítorí ó gbàgbọ́ pé òun ni ó fa ikú bàbá òun. Nígbà tí ó tilẹ̀ padà nígbẹ̀yìn, tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó sọ pé irọ́ ni, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Ǹjẹ́ a kò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Bí obìnrin bá kú lórí ìkúnlẹ̀, a máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ọmọ náà ni ó pa ìyá rẹ̀. Bí bàbá bá kú láìpẹ́ lẹ́yìn ìkómọ, wọn a ní ẹsẹ̀ burúkú ni ọmọ náà mú wọ ilé. Bí òwò bá bàjẹ́, wọn a wá ọmọ òrukàn kan tí ń gbé ọ̀dọ̀ wọn, wọn a sì pè é ní àjẹ́. Nǹkan náà le tó bẹ́ẹ̀ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wa tí Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom fi ṣe òfin ní ọdún 2008 pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pe ọmọdé ní àjẹ́ ti dá ọ̀ràn tí ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Ẹni tí ó sọ ọ́ lè gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ọmọ tí a sọ ọ́ sí yóò gbé e dé ilé ọkọ tàbí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni ẹ̀kẹta ni Sarabi, ẹni tí ọmọdé kì í rántí orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ó pàdánù ọkọ àti ọmọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àbúrò ọkọ gba oyè, ó gba ilé, ó sì sọ ọ́ di ẹni tí ń wá oúnjẹ fún un. Nígbà tí ọ̀dá dé, tí ẹran tán nínú igbó, obìnrin náà ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ fún un pé kí wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀, àti pé kò tó ìdajì irú ọba tí Mufasa jẹ́. Lílù ni ó fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin ará, opó ilẹ̀ wa ni èyí. Láyé àtijọ́ a máa ń ṣú opó fún àbúrò ọkọ, a sì ní ìdí rere fún un, pé kí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà wà láìní alábòójútó. Ṣùgbọ́n ní àṣà wa, ọmọ ni í jogún bàbá, aya kì í jogún ọkọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá lè lé ọmọ jáde, tàbí tí ó lè pa á lẹ́nu mọ́, ti rí ọ̀nà dé ìdí oko kòkó náà. Scar mọ èyí. Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ kí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tutù kí ó tó lé ọmọ.

Ẹni ẹ̀kẹrin ni Timon àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pumbaa, tí í ṣe ìmàdò. Ọmọdé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà kíyè sí i pé àwọn méjì wọ̀nyí rí ọmọ kìnnìún tí ó dákú ní aṣálẹ̀, ẹran tí ó lè pa wọ́n jẹ bí ó bá dàgbà, síbẹ̀ wọ́n gbé e, wọ́n sì pín kòkòrò tí wọ́n ń jẹ fún un. Ẹnìkan ni í bí ọmọ, igba ènìyàn ni í bá a wò ó. Òtítọ́ ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò pé: wọ́n ní kí ó gbàgbé ohun tí ó ti kọjá, kí ó má sì ṣe àníyàn ohunkóhun mọ́. Ìgbàgbé lè fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ní ìsinmi, ṣùgbọ́n kò lè wo ọgbẹ́ náà sàn; ìgbà tí òtítọ́ jáde ni Simba tó bọ́ lọ́wọ́ ẹrù rẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e dìde ní aṣálẹ̀, ta ni òtítọ́ náà ì bá wúlò fún?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbà ti ba sinimá náà jẹ́ fún ara rẹ̀. Ì bá sàn kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn yóò wí pé àlébù inú rẹ̀ pọ̀ ju kí a fi í han ọmọ lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni kejì yìí. Sinimá náà fi àwọn ìkookò hàn bí ẹni tí a bí sínú ibi, tí a lé jìnnà sí ibi tí oúnjẹ wà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìdí rẹ̀. Ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí a gbàgbọ́ pé ìdílé tí a ti bí ni ni ó ń sọ ni di ọba rere. Ṣùgbọ́n ṣé Scar náà kì í ṣe ọmọ ọba ni? Ó yẹ kí àgbà rí èyí, kí ó sì lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ó dá eré dúró ní ìdajì kí ó máa wàásù fún ọmọ. Ọmọdé kì í ní aṣọ bí àgbà kí ó ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún tán, kí ó sì rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà, nígbà oúnjẹ alẹ́, ẹ bi í pé ta ni ó pa Mufasa, kí ẹ sì bi í pé ta ni ó sọ pé Simba ni. Ìbéèrè méjì yìí tó. Ọmọ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn ti ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí àgbà kan bá fẹ́ di ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ rù ú. Ní ti ẹni tí ó ní kí a má wò ó mọ́, èsì wa ni pé ìfẹ́ tí kò lè farada kí a la ojú wo ohun tí a fẹ́ràn kò tíì jinlẹ̀.

Nítorí náà, sinimá náà kò yí padà. Agbo ẹran tí ó gba àwọn oníṣẹ́ ní ohun tí ó ju ọdún méjì lọ láti ṣe, fún ìran tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ń sáré bí ó ti ń sáré ní 1994. Àwa ni a ti ṣí nípò. A ti di bàbá, a ti di opó, a ti di alágbàtọ́. Ní ọjọ́ tí a bá sì ń pín ogún, àbúrò bàbá ni púpọ̀ nínú wa. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ipò Mufasa ni òun máa ń wà nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá tún jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ẹ rántí pé gbangba ni Simba ti mú kí Scar tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí gbogbo àwọn tí ó gbọ́ irọ́ lè gbọ́ òtítọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ kan bá wà ní agbo ilé yín tí a ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ìbáà ti tó ogún ọdún, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí òun yóò béèrè. Ẹ pè é, kí ẹ sì sọ fún un ní ojú àwọn tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ pé kì í ṣe òun ni.