Ta Ni Ẹ Ò Tíì Pè?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
Ẹ kà: Eksodu 35:30-35, 36:2

 

Lọ́jọ́ tí nǹkan bá gbé yín dé Erékùṣù Èkó, ẹ gba Marina, kí ẹ yà sí Customs Street, kí ẹ wo Gbọ̀ngàn Glover. Orúkọ John Glover, gómìnà Èkó láyé àtijọ́, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti máa ń lọ gbọ́ kọ́ńsáàtì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà, ní August 1903. Ibi fàájì pátápátá ni.

Ṣùgbọ́n ní June 12, 1944, ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, Church of the Lord, ń wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ilé ìsìn. Wọ́n wá pe ọ̀dọ́kùnrin kan pé kó bá àwọn ṣe eré olórin lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Ọlọ́pàá ni ọ̀dọ́kùnrin náà o! Hubert Ogunde ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó gbájú mọ́ eré ìtàgé, títí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú Bíbélì wa. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pe Besaleli, tó fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un fún iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Mose ò jókòó kó ní, “Bí Ọlọ́run bá pè é lóòótọ́, á wá fúnra rẹ̀.” Ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe òun àti Aholiabu pé kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run ti pe ènìyàn, síbẹ̀ ó kù kí ẹnìkan nínú ìjọ la ẹnu.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin màmá ìjọ, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ọmọkùnrin tó máa ń fi ìka lu bẹ́ǹṣì nígbà ìsìn ńkọ́? Ṣé “Jókòó jẹ́ẹ́” nìkan la ní fún un? Arábìnrin tó ń ránṣọ ńkọ́, tó jẹ́ pé ìgbà owó ìkórè nìkan la máa ń rántí orúkọ rẹ̀? A ń ké pé kò sí òṣìṣẹ́. Nígbà tí ibòmíràn bá wá gbà wọ́n, a ó ní ayé ti jí ọmọ wa gbé. Ará, ayé ò jí wọn gbé. Ayé pè wọ́n ni. Àwa ò pè wọ́n.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ìwọ tí wọn ò tíì pè, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kúrò lẹ́nu ẹ̀bùn rẹ. Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ.

*Iṣẹ́ òní:* Kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ẹnìkan. Dárúkọ ẹ̀bùn tí o rí lára rẹ̀, kí o sì fún un ní iṣẹ́ kan pàtó.

*Àdúrà:* Olúwa, là mí lójú kí n rí ẹni tí o ti pè nínú wa. Là mí lẹ́nu kí n pè é. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ á sàn wá o.