Tí Wọ́n Bá Ní Òjò Lè Rọ̀, Tí Kò sì Rọ̀, Ṣé Irọ́ Ni Wọ́n Pa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò ga, ṣùgbọ́n ó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín wa níhìn-ín ní Kàdúná nígbàkigbà tí a bá fẹ́ dá ọjọ́ ìnáwó lásìkò òjò. Ẹnìkan á yọ fóònù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìdá 30 nínú 100 ni ti òjò Sátidé o." Ẹnìkan á ní a jẹ́ pé kò ní í rọ̀ nìyẹn. Òmíràn á ní yóò rọ̀, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹlòmíràn á ní Tudun Wada ni yóò ti rọ̀, kò ní í dé Barnawa. Bí òjò bá wá já lu àwo ìrẹsì lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹnu á parapọ̀ pé òpùrọ́ ni àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́. Nílẹ̀ wa, a kì í dédé pe ènìyàn ní òpùrọ́. Ó yẹ ká mọ ohun tí ẹni náà sọ gan-an ká tó dá a lẹ́jọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni nǹkan yìí ń rú lójú. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fi irú iye báyìí síwájú aráàlú. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2005, wọ́n bi àwọn èèyàn ní New York, Amsterdam, Berlin, Milan àti Athens ní ohun tí ìdá 30 nínú 100 túmọ̀ sí. New York nìkan ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbà á. Níbi yòókù, àwọn kan ní ìdá 30 nínú ìlú ni òjò yóò dé, àwọn mìíràn ní ìdá 30 nínú wákàtí ọjọ́ náà ni yóò fi rọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú tí ilé ìwé kún fọ́fọ́ nìwọ̀nyí o.

Ohun tó túmọ̀ sí rèé. Ẹ mú àpò kan, ẹ kó obì mẹ́wàá sí i, kí mẹ́ta jẹ́ pupa, kí méje jẹ́ funfun. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò. Bí ẹ bá mú pupa jáde, ṣé ẹni tó sọ fún yín pé mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ purọ́ ni? Rárá o. Ìdá 30 ń sọ pé bí ojú ọjọ́ bá rí báyìí nígbà mẹ́wàá, òjò yóò rọ̀ níbi tí ẹ wà nínú bíi mẹ́ta, kò ní í rọ̀ nínú bíi méje. Kò sọ bóyá púpọ̀ ni yóò rọ̀ tàbí díẹ̀. Ìdá 90 lè jẹ́ òjò wínníwínní, ìdá 20 sì lè jẹ́ èyí tí yóò ṣí òrùlé.

Níbo ni wọ́n ti ń rí iye náà? Iléeṣẹ́ ńlá kan wà ní ìlú Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ àjùmọ̀ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣírò ọ̀la lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà 51 ló ń ṣírò rẹ̀, tí wọ́n á máa yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè wọn atẹ́gùn, ooru àti ọ̀rinrin gbogbo ayé pé pérépéré. Bí òjò bá rọ̀ nínú bíi 15 nínú 51 náà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà nítòsí ìdá 30. Òjò ilẹ̀ olóoru bíi tiwa sì ṣòro láti mú: àwọsánmà kan á ga sókè lọ́sàn-án, á tú dà sí àdúgbò kan, àdúgbò kejì á gbẹ táútáú. Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n pè ní 30 lọ́jọ́ Ajé fi lè di 60 lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn kan ń pe èyí ní ẹnu méjì. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún, kò sì sẹ́ni tó pe babaláwo ní ẹlẹ́nu méjì nítorí ìyẹn.

Báwo la ṣe wá lè mọ òpùrọ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó, àfi ẹni tó bá sọ 0 tàbí 100. Gbogbo ọjọ́ tó pè ní 30 la ó kó jọ. Bí òjò bá rọ̀ nínú bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn, olóòótọ́ ni. Bó bá rọ̀ nínú mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ wá fi èyí wé àwọn tí a ń sanwó fún láti di òjò. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ìdá 30, ìgbà méje nínú mẹ́wàá ni òjò kò ní í rọ̀ bí a bá tilẹ̀ fi owó wọn ra ẹran. Wọ́n á gba ìyìn nígbà méje, wọ́n á ní ẹnìkan nínú ẹbí ló ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà mẹ́ta. (Ẹni tó bá gbowó láti di òjò ní Kàdúná nínú oṣù Kìíní, ọ̀fẹ́ ló jẹ.) Kò sọ́jọ́ tí a lè mú wọn. Ẹni tó dárúkọ iye ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìyẹn sì jẹ́ irú òótọ́ kan tí a kì í sábà bọ̀wọ̀ fún.

Ṣùgbọ́n iye náà kò lè bá wa pinnu. Ká ní kánópì yóò gba ₦100,000, tí òjò bá sì bá wa láìsí i, àdánù ₦500,000 ni. Ìdá 30 nínú ₦500,000 jẹ́ ₦150,000. Ó ju owó kánópì lọ, ẹ gba kánópì. Bó bá jẹ́ ìdá 10, ₦50,000 ni, ẹ lè fi kánópì sílẹ̀. Ìyàwó ilé tó fẹ́ sá aṣọ lè fojú fo ìdá 30 kan náà, torí bí òjò bá pa aṣọ rẹ̀, á tún un sá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá ni ti omíyalé. Lọ́dún 2012, ènìyàn 363 ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2022, wọ́n lé ní 600. Nígbà méjèèjì ni omi bo títì ní agbègbè Lọ́kọ́ja, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ ti jáde ṣáájú ti 2022. Àwọn kan kò kúrò nítorí pé wọn kò ríbi lọ. A kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé létí odò níhìn-ín pé, "Wọ́n ti ń sọ ọ́ bọ̀, omi ò dé." Bí wọ́n bá ní ìdá 20 ni, ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún ni omi kò ní í dé lóòótọ́. Bí a bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ni yóò gbé ọmọ kúrò nílé nígbà karùn-ún? Ọmọ kì í ṣe aṣọ tí a óò tún sá.

A ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní ìwé kan. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, kó máa kọ iye tí wọ́n sọ láàárọ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ títí alẹ́. Ní ìpàdé oṣù Kọkànlá, a ó ṣí i níwájú gbogbo ilé, a ó sì kà á.