Akínkanjú Tó Mọ Ìsá

Livy, òǹkọ̀tàn ará Róòmù, sọ pé ọjọ́ kan wà tí Hannibal ará Carthage àti Scipio ará Róòmù pàdé ní Éfésù. Ogun ti tán láàárín wọn nígbà náà. Ní Zama, nílẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 202 ṣáájú ìbí Jésù, Scipio ti na Hannibal, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di Scipio Africanus. Wọ́n wá ń tàkúrọ̀sọ. Scipio bèèrè pé ta ni ọ̀gágun tó ga jù lọ. Hannibal ní Alexander ará Masedóníà ni. Ta ló tẹ̀ lé e? Ó ní Pyrrhus, ọba Epirus. Ta ló ṣìkẹta? Ó ní òun fúnra òun ni. Scipio bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ká ní ìwọ lo ṣẹ́gun mi ńkọ́?” Hannibal ní òun ì bá fi ara òun síwájú Alexander, síwájú gbogbo wọn pátá.

Àwọn onímọ̀ kan ní ìtàn náà dùn jù kó jẹ́ òótọ́. Bó jẹ́ òótọ́, bó jẹ́ àròsọ, iyàn yẹn ò tíì parí. Níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, nídìí ayò ọlọ́pọ́n, àwọn èèyàn ṣì ń to àwọn ọ̀gágun ayé sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń ka ogun tí kálukú wọn ṣẹ́ bí ẹni ń ka góòlù. Èmi ò ní bá Hannibal jà lórí Alexander. Ẹni tó fi ṣèkejì ni mo fẹ́ bá a fà, òwe tí mo sì máa fi fà á rèé: Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, ní í bógun lọ.

Ẹ kíyè sí i pé òwe yìí kò bá ojo wí. Kò tilẹ̀ ka ojo kún. Akínkanjú ló dojú kọ, ẹni tí ìlú ti ń kì tí onílù ń lù fún, òun gan-an ló ní yóò bógun lọ. Kò fẹ̀sùn àìlágbára kàn án. Ó ní ìmọ̀ rẹ̀ kò pé. Lójú ẹni tó pa òwe náà, ìjà jẹ́ iṣẹ́ tí à ń kọ́, ìsá náà jẹ́ iṣẹ́ tí à ń kọ́, ẹni tó gba ìyọ̀ǹda lórí ọ̀kan ṣoṣo kò tíì parí ẹ̀kọ́. Ohun tó sì máa ń ṣòro fún alágbára láti gbà nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń kì í nítorí ọ̀nà tó mọ̀ ọ́n gbà jáde.

Pyrrhus mọ ìjà, a ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 280 ṣáájú ìbí Jésù ló kó ogun wọ Ítálì pẹ̀lú ogún erin, ẹranko tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kò bá pàdé rí. Ó ṣẹ́gun wọn ní Heraclea lọ́dún náà, ó tún ṣẹ́gun wọn ní Asculum lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tó bá ti Asculum lọ pọ̀ débi pé, nígbà tí wọ́n kí i kú oríire, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé bí àwọn bá tún ṣẹ́gun Róòmù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn parun nìyẹn. Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú agbo mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó kọjá lọ sí Sísílì, ó tún padà sí Ítálì, àwọn ará Róòmù wá lé e ní Beneventum lọ́dún 275. Ó délé tán, ó gbógun ti Masedóníà. Ó kúrò níbẹ̀, ó gbógun ti Sparta. Sparta kò ṣeé kó, ó yà sí Argos.

Argos yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé. Ọdún 272 ni. Àwọn tó ń ṣe tirẹ̀ nínú ìlú ṣí ẹnubodè fún un lóru. Ẹnubodè náà kò ga tó erin, nítorí náà wọ́n ní láti tú ilé ìṣọ́ tó wà lẹ́yìn àwọn erin náà, kí wọ́n sì tún un dì nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí wọ́n wọlé. Ariwo ìyẹn ló jí àwọn ará ìlú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Pyrrhus rí i pé inú ọ̀nà tóóró ni òun wà láàárín ilé onílé, ọ̀tá sì yí òun ká. Ìgbà yẹn ló tó ronú ìsá. Ó ránṣẹ́ sí Helenus, ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi, pé kó wó apá kan odi ìlú kí àwọn lè ráyè bọ́ síta. Ẹni tó rán kò jíṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ohun tí Helenus gbọ́ ni pé kí òun wọlé wá ran bàbá òun lọ́wọ́, ló bá kó ìyókù erin àti ọmọ ogun gba ẹnubodè tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbà jáde. Àwọn tó ń jáde àti àwọn tó ń wọlé kọlu ara wọn. Erin tó tóbi jù ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, ó dí i pa.

Nínú rúkèrúdò yìí, ọmọkùnrin Argos kan fi ọ̀kọ̀ gún Pyrrhus, ọgbẹ́ náà kò jìn. Ọba yíjú sí i kó lè pa á. Ìyá ọmọkùnrin náà wà lórí òrùlé pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń wòran ogun. Ó rí i pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ òun, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ọ̀kan nínú àwọn amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo ilé, ó sọ ọ́ lu ọba. Pyrrhus ṣubú lórí ẹṣin, wọ́n sì gé e lórí. Plutarch ló ròyìn rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ obìnrin orí òrùlé ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí Pyrrhus rán sí Helenus ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ọ̀gágun kan kó erin wọ ìlú onílùú lóru láìtíì bá ọmọ tó wà lẹ́yìn sọ ọ̀nà tí àwọn yóò gbà jáde bí nǹkan bá yíwọ́. Àṣẹ ìsá tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àárín ìjà ló tó fi rán ìránṣẹ́. Ẹni tí Hannibal fi ṣèkejì nìyẹn.

Ó yà mí lẹ́nu pé Hannibal kò ka Fabius Maximus ará Róòmù mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ Fabius ni kò jẹ́ kó rọrùn fún un. Lọ́dún 217, lẹ́yìn tí Hannibal ti pa odindi ogun Róòmù kan run létí adágún Trasimene, wọ́n fi Fabius ṣe aláṣẹ pátápátá. Ó wo ọ̀tá rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹni tó lè bá ọkùnrin yìí jà ní pápá gbangba kó má kú, ló bá kọ̀, kò jà. Orí òkè ló ń gbà. Bí Hannibal bá rìn, a rìn. Bó bá dúró, a dúró. Kìkì àwọn tó bá jáde lọ wá oúnjẹ ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń mú. Àwọn ará Róòmù fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní ó dà bí ẹrú tí ń sin ọmọ ọ̀gá rẹ̀ lọ sílé ìwé. Minucius igbákejì rẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n jà jù ú lọ, ìlú sì fún un ní àṣẹ ọgbọọgba pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Minucius pín ogun, ó kó tirẹ̀ lọ, ó bọ́ sínú pàkúté Hannibal. Fabius ló sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wá gbà á. Minucius kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá síwájú àgọ́ Fabius, ó sì pè é ní bàbá níṣojú gbogbo wọn.

Ìlú kò kọ́gbọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé ogun fún àwọn tó fẹ́ jà kíá, wọ́n sì pàdé Hannibal ní Cannae. Nǹkan bí 50,000 ọmọ ogun Róòmù ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà sí ọgbọ́n Fabius.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́ Hannibal jẹ. Òun náà padà mọ ìsá. Lẹ́yìn Zama, nígbà tí Róòmù sọ ohun tí yóò gbà kí àlàáfíà tó wà, ọkùnrin kan dìde ní àpéjọ Carthage pé kí wọ́n máa ja ogun lọ. Hannibal fà á sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Nígbà tí inú bí àwọn èèyàn, ó tọrọ àforíjì, ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun kúrò nílé, ìwà ibùdó ogun ni òun mọ̀, òun kò mọ ti ìlú. Àmọ́ kí wọ́n gba àlàáfíà náà. Ìlú gbà á.

Ẹnìkan lè sọ pé ojo ni òwe yìí ń bá gbé aṣọ bora. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ìjà rárá, ṣùgbọ́n ìjà ni òwe náà kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ wo Rọ́ṣíà lọ́dún 1812. Kutuzov, ọ̀gágun Rọ́ṣíà, bá Napoleon jà ní Borodino lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ìjà tó gba ẹ̀mí lọ́wọ́ méjèèjì gan-an. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, nínú ilé àgbẹ̀ kan ní Fili, ó gbọ́ iyàn àwọn ọ̀gágun rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n fi Mọ́sko sílẹ̀. Napoleon wọ ìlú náà, iná jó o, ó jókòó sínú eérú fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ń retí èsì tí ọba Rọ́ṣíà kò fún un. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ló tó kúrò. Ebi àti òtútù ṣe ìyókù. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ó fi àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú yìnyín, ó sáré lọ sí Párísì. Òótọ́ ni pé ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Malet ti gbìyànjú láti gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀ nílé, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń lé e. Síbẹ̀, Kutuzov kó ogun rẹ̀ sá. Napoleon sá fi ogun rẹ̀ sílẹ̀.

Àwa náà kò ṣàì ní tiwa. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé òfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni pé kí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Báwo ni òfin yìí ṣe lè bá irú òwe yẹn gbélé? Mo rò pé ààfin ló ṣe òfin, ibùdó ló pa òwe. Ọba tó ń bẹ̀rù balógun rẹ̀ kò ní fẹ́ kó mọ ọ̀nà àbọ̀. Nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ rán Afọ̀njá lọ kó Ìwéré, ìlú tí kò ṣeé kó bọ̀rọ̀, Afọ̀njá àti àwọn ìjòyè ogun mọ ohun tí wọ́n rán wọn wá ṣe. Wọ́n yí ogun padà, ó di Ọ̀yọ́. Ẹni tí a bá dí ọ̀nà ìsá mọ́, a máa wá ibòmíràn gbà.

Ògèdèǹgbé ti Iléṣà gba tirẹ̀ jáde. Nígbà tí Ìbàdàn kó Iléṣà lọ́dún 1870, kò dúró kú síbẹ̀. Nígbà tó yá tí ogun Kírìjì bẹ́, òun ni Èkìtìparapọ̀ fi ṣe olórí ogun wọn, Ìbàdàn kò sì rí wọn ṣẹ́ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kó ogun Ìbàdàn wá, ti kú sí ibùdó lọ́dún tó ṣáájú.

Ohun kan ṣì wà tí òwe náà kò fẹnu bà: àwọn tí kò lè sá. Àwọn ará Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1870. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Mọ́sko, tí iná bá wọn níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ to àwọn ọ̀gágun sẹ́yìn ara wọn, ohun tí kálukú wọn ṣe fún irú àwọn wọ̀nyí ni n óò kọ́kọ́ bèèrè. Fabius àti Hannibal ti jọ ṣàdéhùn láti pààrọ̀ àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú lójú ogun, kí ẹni tó bá gba jù sì sanwó lé e. Ti Róòmù ṣẹ́kù ju igba lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Ilẹ̀ oko kan sì wà tí Fabius ní, tí Hannibal mọ̀ọ́mọ̀ dá sí nígbà tó ń jó oko àwọn yòókù, kí wọ́n lè máa fura pé Fabius ti bá òun ṣe é. Fabius rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Róòmù, ó ta oko náà, ó fi owó rẹ̀ rà wọ́n padà. Nígbà tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ san án fún un lẹ́yìn náà, kò gbà á.