Ihò Kan, Iṣẹ́ Méjì

Bí orí tí ènìyàn gbà lọ́wọ́ Àjàlá alámọ̀, amọrí-mọrí òde ọ̀run, bá ní àléébù, ṣé kí onítọ̀hún káwọ́ gbera ni? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa. Ara fèrè klarinẹ́ẹ̀tì ni èmi ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Johann Christoph Denner, ará ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ni a gbà pé ó ṣe fèrè yìí ní nǹkan bí ọdún 1700. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti tún un ṣe títí, pàápàá Klosé àti Buffet tí wọ́n gbé tiwọn jáde ní Paris ní ọdún 1839. Síbẹ̀, ohùn kan wà ní ọ̀fun rẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní B-flat, tí ó ń dún bí ẹni tí ikọ́ há lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ihò tíńtín tí a lu láti máa gbé ohùn ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a tún ní kí ó máa fọ ohùn yìí. Bí a bá sì fẹ̀ ẹ́ nítorí iṣẹ́ kejì, ti àkọ́kọ́ yóò bàjẹ́.

Ọmọ́ṣẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ a máa fẹ́ ẹ kíkankíkan, a máa fún ẹnu fèrè mọ́ra pinpin, títí ahọ́n esùsú inú rẹ̀ kò fi ní lè gbọ̀n mọ́, tí ohùn yóò sì túbọ̀ há. Ṣùgbọ́n ọ̀gá a dẹ ètè, a jẹ́ kí èémí máa ṣàn láti ikùn wá láìjá, a sì fi ìka ọwọ́ ọ̀tún dí àwọn ihò ìsàlẹ̀, èyí tí ẹni tí ń wò ó yóò rò pé kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohùn a sì kún, a mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Ẹ kíyè sí i pé ihò náà kò fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àkúnlẹ̀yàn, orí tí a yàn lọ́run, dúró síbi tí ó wà. Alábàárò ni ó dé bá a. Ọwọ́ kan kò kúkú gbé igbá dé orí, orí tí kò bá sì ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tí ó yàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí a fi ọmọ aláìlera lé lọ́wọ́, ẹ má fi ariwo wo àìlera rẹ̀. Ẹ wá ìka tí yóò gbè é lẹ́yìn, kí ẹ sì ní sùúrù, baba ìwà.