Ta Ni Yóò Dáhùn Àgò?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ó ń kágò ni. "Àgò onílé o!" Bí wọ́n bá dáhùn pé "Àgò yà," ó di kí àlejò wọlé. Bí kò bá sí ìdáhùn, yóò dúró síta. Ọmọdé pàápàá mọ èyí. Àpáta ńkọ́? Àpáta tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní ọgbà, tí ìjọba kò gbé pátákó kankan sí ìdí rẹ̀, ta ni a ó kágò sí kí a tó gùn ún?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo wà ní ipele kejì. Nígbà ìsinmi, àwa mẹ́rin jọ lọ sí ìlú ìyá ọ̀rẹ́ wa kan ní Èkìtì. Àpáta kan wà lẹ́yìn ìlú náà, ó tẹ́jú nísàlẹ̀, ó wá ga sókè bí ẹ̀yìn erin. Kò dà bí Olúmọ tàbí Òkè Ìdànrè tí wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ìdí rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan yọ sí wa, ó ní òun ló ń ṣojú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, kí a mú owó wá. A ná an títí, a san 2,000 náírà. Ó ní, "Ẹ máa lọ jàre, ẹ̀yin lẹ ni ín." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí wa gan-an. Àwa la ni ín!

Ìyá àgbà kan wà níbi tó tẹ́jú, ó ń sá láfún sórí àpáta. Ó kí wa dáadáa. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ti dé nìyẹn, òun kì í sì í ṣe abọ̀rìṣà. A kò bọ́ bàtà. A gba ẹ̀gbẹ́ láfún kọjá, a gùn ún dókè.

Èmi ló wá ṣe èyí tó burú jù. Mo ti mú pẹ́ńtì funfun díẹ̀ dání nínú agolo mílíìkì. Akéwì ni mí (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín), mo sì kọ ìlà kan nínú ewì mi sójú àpáta náà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀. Mo ní àpáta kì í kú, ewì mi náà kò ní kú.

Bí a bá bi òfin léèrè ẹni tó ni àpáta yẹn, ó ní ìdáhùn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin 2007 sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o: ojú àpáta wà lọ́wọ́ gómìnà, inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Àbújá, owó rẹ̀ wà nínú àpò ọmọkùnrin tó pàdé wa lọ́nà. Kí ló kù fún ìyá oníláfún? Òkúta ẹfun, irú èyí tí àwọn ará òkè òkun ń fi okùn gùn, àwa ń wú u ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Ẹni tó níwèé àṣẹ ló ń gbẹ́ ẹ. N kò bá ìwé àṣẹ jà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé àṣẹ tó mọ ẹni tó ń sá nǹkan sórí òkúta.

Àwọn tó ń fi gígun àpáta ṣeré ìdárayá náà ní ìjà tiwọn. Òkúta ẹfun máa ń dán níbi púpọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní pàlàpálá tí ènìyàn lè ki irin bọ̀ kó sì tún yọ ọ́. Nítorí náà wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ú, wọ́n á kan irin mọ́ ọn, wọ́n á so okùn kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kan irin ti la ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan ní kí ènìyàn gùn ún bó ṣe bá a tàbí kó fi í sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀mí ju òkúta lọ. N kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n agunkè àti agunkè ló ń jiyàn, ará ìsàlẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní purọ́ mọ́ wọn: ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń yẹra fún àwọn àpáta kan ní gbogbo ìgbà tí àṣá bá ń sàba níbẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní Òkè Ìdànrè tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Láti 1963 ni a kò ti gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi ní 2013 tí àwọn onímọ̀ tún rí i. Ojú òkúta tí omi tín-ín-rín ń ṣàn lórí rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bàtà mélòó ló ti tẹ ibẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ń da ara mi láàmú. Ó ní Ọlọ́run ló dá àpáta, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ, ẹni tó bá wù kó gùn ún. Mo ní Ọlọ́run náà ló dá odò, ṣé ó máa ń wẹ ẹsẹ̀ lókè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ni?

Ọ̀rọ̀ Uluru ní Ọsirélíà ló tún dùn mí. Ní October 26, 1985, ìjọba dá àpáta ńlá náà padà fún àwọn Anangu tó ni ilẹ̀. Wọn kò tì í pa. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Àwọn àlejò ń ka pátákó ẹ̀bẹ̀ náà, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí àwa ṣe gba ẹ̀gbẹ́ láfún kọjá. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú níbẹ̀, àwọn Anangu sì ní bí àlejò bá kú sórí ilẹ̀ àwọn, àwọn ni ìbànújẹ́ rẹ̀ ń bá. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ lókè. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀gbin á ṣàn wá sínú omi ìsàlẹ̀. Ní October 26, 2019 ni òfin wá tì í pa. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn? Èrò ya lọ láti gùn ún kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọdún 34 ni wọ́n fi gbọ́ pé àgò kò yà, òfin nìkan ni etí wọn gbọ́.

Mo padà lọ sí ìlú náà lọ́dún tó kọjá. Ìyá náà kò sá láfún sí ibi àtijọ́ mọ́, ó ti tẹ́ tapólì sẹ́bàá ilé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní pẹ́ńtì tí àwọn ọmọ kan fi kọ nǹkan sókè ti ń bó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á já bọ́ sínú láfún. Funfun nínú funfun, ojú òun kò ríran tó láti ṣà á. Bàtà tóun ní kí àwọn ènìyàn máa bọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní nítorí iyẹ̀pẹ̀ ni, ẹnu lèèyàn fi ń jẹ láfún.

Kò dá mi mọ̀. Ó ní kí ni wọ́n tiẹ̀ kọ síbẹ̀, torí òun kò mọ̀wé. Mo kà á fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dùn. Ṣé ìwé ti tán nílé ìwé wọn ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni. Mo ní màá fi kẹrosíìnì nù ún. Ó kígbe pé rárá, òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lára láfún. Ó ní kí n wá lẹ́ẹ̀rùn, kí n mú bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin wá, kí n sì gbá gbogbo rẹ̀ sínú àpò sọ̀ kalẹ̀.

Mo ra méjì ní Adó. Nígbà tí mo dé ìdí àpáta, mo bọ́ bàtà, mo kágò. Ọmọ-ọmọ ìyá náà, tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí tapólì, ló dáhùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ha á. Orúkọ mi ti kúrò, ṣùgbọ́n ìlà ewì náà ṣì ń hàn fírífírí bí oòrùn àárọ̀ bá ràn án láti ẹ̀gbẹ́.